Igbà Hàmídù

Fóònù ló jẹ́ kí wọ́n tètè rí òkú Jubril. Aaliyah ìyàwó rẹ̀ ti pè é, pè é láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbé e. Nígbà tí àwọn tó ń lọ sí oko kòkó gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà Awa, wọ́n yà wò ó. Wọ́n bá Jubril nídìí ọ̀pẹ, ó jókòó, ó fẹ̀yìn tì í bí ẹni tó ń sinmi, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, fóònù ń dún lápò ṣòkòtò rẹ̀. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Eegun kan kò ṣẹ́ tí wọn ì bá fi sọ pé ó jábọ́ ni. Ohun tó wá da gbogbo Abà Lápẹ́ láàmú jù ni pé kò sí igbà nílẹ̀ níbẹ̀, okùn líle tí akọpẹ fi ń gbé ara rẹ̀ kọ́ ọ̀pẹ. Igbà Jubril fúnra rẹ̀ wà nílé lórí ìṣó tó máa ń gbé e kọ́ sí.

"Ṣé ọwọ́ lásán ni akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ ni?" Bàbá Àlímì, olórí àwọn akọpẹ, ló bèèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé òkú náà bọ̀.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó rọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ṣe wí. Kí àwọn tó wá síbi ìsìnkú tó kúrò lójú oórì, ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ láti etí dé etí, ọ̀rọ̀ tí ẹnu kì í pè ketekete.

Ọdún yẹn kò rọgbọ tẹ́lẹ̀. Òjò kò rọ̀ tó. Àwọn ọ̀pẹ ń so, ṣùgbọ́n ìdì ẹyìn tí wọ́n ń kó wálẹ̀, fúyẹ́fúyẹ́ ni, àwọn obìnrin inú ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo, ń se é títí, epo ò jáde tó bí wọ́n ṣe rò. Ibà ń gbé àwọn ọmọdé ṣánlẹ̀. Oyún Aaliyah bàjẹ́, òmíràn tún bàjẹ́. Ó sì wá kan ọkọ rẹ̀.

"Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," àwọn obìnrin ẹkù ń wí. Bí wọ́n bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, wọ́n á yíjú sí ilé Hàmídù, akọpẹ tó ti di olóògbé.

Ẹni tí wọ́n ń wò nínú ilé náà ni Ọmọ́títí. Òun ni àkọ́bí Hàmídù. Ó ti lọ sílé ọkọ rí ní Àgọ́-Ìwòyè, kò bímọ, ọkọ náà sì ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti padà dé ni àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ti sọ ilé náà di ibùgbé. Bí Ọmọ́títí bá ń gbálẹ̀, wọ́n á bà sórí páànù. Bó bá gba ọ̀nà odò lọ, wọ́n á máa ti orí imọ̀ ọ̀pẹ kan bọ́ sí òmíràn tẹ̀lé e, pẹ̀lú ariwo wọn tí kì í tán. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú Jubril, wọ́n pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Aaliyah sọ nílé ọ̀fọ̀, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Ọmọ́títí gbọ́. Inú agbo àwọn tó wá kí i ni ó wà, ó gbé àwo oúnjẹ dání. Ó rọra gbé àwo náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì padà sílé.

Kì í ṣe pé Ọmọ́títí kò ní àṣírí. Ó ní in. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń rò.

Akọpẹ ni.

Èèwọ̀ ni ní Abà Lápẹ́. Obìnrin kì í fẹsẹ̀ ré igbà kọjá, ká má tíì sọ pé yóò kó ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Hàmídù tó bí i, tí kò sẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú àwọn akọpẹ láti Òkè-Àgbò títí dé Awa, kọ́kọ́ gbé igbà rẹ̀ lé Mùtàlíbù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́. Mùtàlíbù gòkè díẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì ń sunkún pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́títí ti ilé ọkọ dé, Hàmídù mú un lọ sínú igbó níbi tójú ènìyàn ò tó.

"Bàbá, obìnrin ni mí," ni Ọmọ́títí wí.

"Ọwọ́ ni igbà ń wò," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Kì í wo abẹ́ aṣọ."

Bó ti kó sínú igbà náà báyìí, ó gbọ́ ọ̀pẹ. Kì í ṣe pẹ̀lú etí. Láti inú okùn ni ó ti ń wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹni pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú egungun ìhà rẹ̀: ìdì tó pọ́n rèé, èyí kò tíì gbó, ejò wà lábẹ́ imọ̀ yẹn, má fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹ̀gà tó ń gbórí ọ̀pẹ náà mọ̀ ọ́n. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń tẹ̀lé e.

Kí Hàmídù tó kú, ó pe ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì síwájú ibùsùn, ó ní: "Igbà yìí ti di ti Ọmọ́títí. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kó sínú rẹ̀ bí kò bá ṣe òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún un. Ẹni tó bá jí i lò, igbà náà yóò fún un títí èémí rẹ̀ yóò fi tán." Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé Ọmọ́títí nìkan ló sọ ọ́ fún, lọ́jọ́ kan tí wọ́n jọ wà nídìí ọ̀pẹ. Ó ní ọ̀pẹ kì í sọ ohùn òkú nù. Bí ènìyàn bá kú nídìí ọ̀pẹ, gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ bí ẹ̀mí rẹ̀ ti ń bọ́, inú ọ̀pẹ náà ló wà. Bí ẹni tí igbà mọ̀ bá gun orí rẹ̀, tó fi ẹ̀yìn àdá lù ú, yóò dá a padà.

Lẹ́yìn ikú bàbá wọn, Ọmọ́títí àti Mùtàlíbù ṣe àdéhùn. Ọmọ́títí yóò máa gun ọ̀pẹ ní ìdájí, Mùtàlíbù yóò máa ṣọ́nà, òun ni yóò sì ru ìdì ẹyìn wọlé. Báyìí ni wọ́n ṣe ń yin Mùtàlíbù káàkiri. Wọ́n ní ọmọ ẹkùn ni. Bàbá Àlímì ti darúgbó, wọ́n sì ti ń dárúkọ Mùtàlíbù fún ipò rẹ̀. Ọmọ́títí kò bínú. Àbúrò rẹ̀ ni. Ìyá wọn ló bẹ̀ ẹ́ pé kó gbà bẹ́ẹ̀, ìyá tí gbogbo abà ń pè ní Ìyá Mùtàlíbù láti ọjọ́ tó ti bí ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọmọ́títí ni àkọ́bí.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú Jubril, Ọmọ́títí gun orí àjà láti gbé igbà rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn án, ó sì dúró gbagidi. Kókó tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe kókó tirẹ̀. Ẹrẹ̀ wà lára okùn náà. Ó tutù bí ara òkú, ohun tó sì gbọ́ nínú rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọ̀pẹ kankan. Ó gbọ́ ènìyàn tó ń wá èémí tí kò rí i.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń pa èkùrọ́.

"Màámi, ta ló gbé igbà bàbá mi?"

Ìyá Mùtàlíbù kò gbójú sókè. "Ta ni yóò gbé e? Eku ló ń dààmú orí àjà yẹn."

"Eku kì í ta kókó, Màámi."

Ìyá náà fi òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ́títí, ìlú ń wá ẹni tí wọn yóò dì mú, o wá ń pariwo igbà. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ni?"

"Jubril ló lò ó. Mo gbọ́ ọ nínú okùn. Mo fẹ́ lọ sídìí ọ̀pẹ yẹn nírọ̀lẹ́, kí n fọwọ́ kàn án wò."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó gbá a mọ́ra, ó fọwọ́ pa á lẹ́yìn bí ó ti máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọdé. "Máa lọ," ó wí. "Èmi ni mo bí ọ. Kò sí ohun tí yóò ṣe ọ́."

Mùtàlíbù ló kàn tó bá sọ̀rọ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fọ ọ̀kadà rẹ̀.

"Mùtàlíbù, ìwọ lo gbé igbà fún Jubril?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Dá mi lóhùn."

"Mi ò mọ nǹkan kan." Ó ń da omi sórí ibi tó ti mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí bà mí jẹ́. Ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mí jẹ olórí akọpẹ."

Ọmọ́títí dé ìdí ọ̀pẹ náà nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Kò mú igbà lọ. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Àwọn ẹ̀gà sì dà jáde látinú igbó. Ọmọ́títí kò rí iye bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n bo ojú ọ̀run lórí rẹ̀, wọ́n ń yí ọ̀pẹ náà po, wọ́n ń ké. Abẹ́ wọn ló dúró sí, tó gbé orí sókè, nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Aaliyah ló wà níwájú, àwọn ọ̀dọ́ abà tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ wọn ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò.

"Ẹ ti rí i bí?" Aaliyah kígbe. "Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ! Ó ní ibí ni a ó ti bá a!"

Gbogbo ariwo tó kù, Ọmọ́títí kò gbọ́ ọ mọ́. Ìyá wo? Ìyá kan ṣoṣo ló sọ ibi tó ń lọ fún.

Wọ́n tì í mọ́lé Baálẹ̀ Akínyẹlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo abà pé síbẹ̀. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni Baálẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó sì ń bẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lójúde rẹ̀, nítorí ó ti rí taya tí àwọn ọ̀dọ́ yí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kò sẹ́ni tí yóò dáná sun ènìyàn níbí," ó wí. "A ó gbọ́ tẹnu gbogbo wa. Aaliyah, wí tìrẹ."

"Tèmi ò pọ̀," ni Aaliyah wí. "Kó dá ọkọ mi padà."

Mùtàlíbù dìde. Ọmọ́títí gbójú sókè wò ó, ó ń retí. Ó rò pé yóò sọ ọ́ wàyí, pé àbúrò òun kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí taya wà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bo àṣírí yìí," Mùtàlíbù wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi jí igbà bàbá wa. Ó ń gun ọ̀pẹ ní ìdájí, òun àti àwọn ẹyẹ rẹ̀. Mo fi ojú mi rí i. Òun ló ń fa ọ̀rá inú ẹyìn wa mu."

Ariwo sọ. Obìnrin tó ń gun ọ̀pẹ! Àwọn kan káwọ́ lérí. Baálẹ̀ ní láti fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ kí wọ́n tó dákẹ́. Ó yíjú sí Ìyá Mùtàlíbù.

"Ìyá, ìwọ lo bí àwọn méjèèjì. Ohun tó o bá sọ la ó gbà."

Ọmọ́títí ń wo ìyá rẹ̀. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani, àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ta ni í pe ìyá tó bí i ní ikú?

Ìyá Mùtàlíbù fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀. "Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti mọ̀," ó wí. "Mo rò pé yóò yí padà ni."

Nǹkan kan já nínú Ọmọ́títí. Ẹkún tó ti ń gbìyànjú láti jáde láti àná padà sínú, kò tún wá mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń sún mọ́ ọn, òórùn bẹntiróòlù ti ń ta sí i nímú, nígbà tó dìde dúró.

"Òótọ́ ni," ó wí. "Mo ń gun ọ̀pẹ. Gbogbo ẹyìn tí ẹ fi yin Mùtàlíbù, èmi ni mo kó o wálẹ̀. Ẹ gbé igbà bàbá mi fún mi, kí ẹ jẹ́ ká lọ sídìí ọ̀pẹ tí Jubril kú sí. Bí mo bá gùn ún tí ọ̀rọ̀ mi ò yé yín, taya yín wà níbẹ̀."

"Irọ́ ni!" Mùtàlíbù kígbe. "Ẹ má fún un nígbà! Yóò fò lọ!"

Bàbá Àlímì ló fi ọ̀pá rẹ̀ dá a dúró. "Mùtàlíbù, bó bá jẹ́ irọ́ ni, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ gùn ún. Olórí akọpẹ lọ́la ni ọ́. Kí ni ọ̀pẹ kan?"

Mùtàlíbù fà sẹ́yìn. Gbogbo abà rí i bí òógùn ti ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ẹ gbé igbà fún ọmọbìnrin náà," ni Bàbá Àlímì wí. "Láti ọjọ́ tí Jubril kú ni mo ti ń bèèrè igbà tó lò. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó kú."

Wọ́n gbé igbà àti àdá wá, gbogbo abà sì lọ sídìí ọ̀pẹ náà, àwọn ọ̀dọ́ ń yí taya wọn tẹ̀lé wọn. Ọmọ́títí wé ìró rẹ̀ mọ́ra bíi ṣòkòtò lójú gbogbo wọn, ó kó sínú igbà bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àwọn obìnrin bo ojú. Àwọn ọkùnrin kò lè bo tiwọn, nítorí wọn kò rí ẹni tó gun ọ̀pẹ báyẹn rí láti ọjọ́ Hàmídù. Kò wo ilẹ̀. Àwọn ẹ̀gà dà wá, wọ́n bà sórí gbogbo imọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n sì dákẹ́. Ó fa àdá yọ, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu ọ̀pẹ.

Ohùn kan jáde látinú igi náà, ó gba gbogbo igbó kan. Aaliyah bú sígbe, nítorí ohùn ọkọ rẹ̀ ni.

"Mùtàlíbù! Tú mi! Igbà tó o yá mi yìí ń fún mi! Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ò lè gun ọ̀pẹ, mo búra, tú mi!"

Ohùn mìíràn tẹ̀lé e, ohùn Mùtàlíbù, tó ń gbọ̀n. "Màámi, ẹ jẹ́ kí n tú u. Ó ń kú lọ."

Ọwọ́ Ọmọ́títí dúró lójú òfuurufú. Kò mọ̀ pé ẹni kẹta wà níbẹ̀. Ká ní ó mọ̀, bóyá kì bá tí gun ọ̀pẹ náà.

"Dúró," ni ohùn ìyá rẹ̀ wí látinú igi, jẹ́ẹ́, bó ti máa ń sọ̀rọ̀ bó bá ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Bó bá jáde nínú rẹ̀ láàyè, ó ti bà ọ́ jẹ́ nìyẹn. Jẹ́ kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ká tú igbà lára rẹ̀, ká dá a padà sórí àjà."

"Bí wọ́n bá bèèrè ńkọ́?"

"Ọmọ́títí wà ńlé. Kò lọ́kọ, kò lọ́mọ, ẹyẹ ń tẹ̀lé e. Ta ni kò ní gbà pé òun ni?"

Lẹ́yìn èyí, èémí Jubril nìkan ló kù, títí kò fi sí mọ́.

Nísàlẹ̀, Mùtàlíbù sá. Wọ́n mú un kó tó dé títì, wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀ síbi taya. Ọmọ́títí ló ké láti orí ọ̀pẹ: "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Bí ẹ bá sun ún, kí ni ìyàtọ̀ yín?" Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Baálẹ̀ pe ọlọ́pàá ní Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fóònù. Ọlọ́pàá kì í kọ ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Mùtàlíbù kò jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ó ti ń jẹ́wọ́ kí mọ́tò wọn tó dúró, pé Jubril ti mọ àṣírí òun, òun sì yá a ní igbà náà láti fi pa á lẹ́nu mọ́.

Ìyá rẹ̀ kò sá. Ó wá sídìí ọ̀pẹ, ó gbé orí sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọmọ́títí, sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi. Jọ̀ọ́. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí ni."

Orí ọ̀pẹ ni Ọmọ́títí wà títí àwọn ọlọ́pàá fi kó ìyá rẹ̀ náà sẹ́yìn mọ́tò, tí eruku ọ̀nà sì fi wálẹ̀.

Wọ́n fi ìyá náà sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó sì lọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Òkè-Àgbò. Ẹjọ́ Mùtàlíbù ṣì ń lọ ní kóòtù. Aaliyah wá kúnlẹ̀ níwájú Ọmọ́títí, ó ń sunkún. Ọmọ́títí gbé e dìde, ó ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n kò bá a rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ èèwọ̀, wọ́n sọ ọ́ síhìn-ín, wọ́n sọ ọ́ sọ́hùn-ún, wọn kò rí i parí. Ọmọ́títí kò dúró dè wọ́n. Ojúmọmọ ló ń gun ọ̀pẹ báyìí, ẹni tó bá fẹ́ bo ojú, kó bo ojú. Òjò rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹyìn sì kún.

Lọ́jọ́ ọjà kan, èrò tò sẹ́nu ẹkù rẹ̀ láti ra epo. Ọmọ́títí ń rọ epo, kò gbé orí sókè, títí ó fi rí ọwọ́ kan tó na kẹ́ẹ̀gì sí i. Ó mọ ọwọ́ náà.

"Èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ́títí gba kẹ́ẹ̀gì náà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," ó wí, bó ti ń kí gbogbo oníbàárà. "Ṣé kó kún ni, àbí ààbọ̀?"

"Kó kún."

Ọmọ́títí rọ ọ́ dé ẹnu. Ó dé e, ó fi àkísà nù ún yíká kó má baà ta sí obìnrin náà láṣọ, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀.